Tábìlì ọmọ ilé aṣòfin Karnataka: kí la ó ṣe tí iye kò fi ní í takora?

Àkàndé Atọ́ka
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń to tábìlì kan lédè Yorùbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ètò ìjọba: orúkọ àwọn ọmọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Karnataka ní Íńdíà, ẹgbẹ́ òṣèlú wọn, àti àwọn tó ń ṣe olórí níbẹ̀. Ìwé kan ní ọmọ ilé jẹ́ 224, òmíràn ní 225, òmíràn tún ní 299. Ẹgbẹ́ òṣèlú Congress ní 135 níbì kan, ó di 137 níbòmíì. Ọ̀rọ̀ olórí wá le jù. Wọ́n kọ gómìnà, wọ́n kọ Abẹnugan, wọ́n tún kọ ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Chief Minister. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti mú un?

Akọ̀wé Gbọ̀ngán
Kò sí èyí tó parọ́ nínú nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ilé méjì ni Karnataka ní. Ilé àwọn aṣojú, tí wọ́n ń pè ní Vidhana Sabhe lédè Kannada, ní àyè 224 tí ará ìlú ń dìbò fún tààrà. Ilé àgbà, Vidhana Parishat, ní àyè 75. Ẹni tó bá ro méjèèjì pọ̀ ló máa rí 299.

Ti 225 yẹn, ẹnì kan ló lé. Òfin Íńdíà fún gómìnà láyè tẹ́lẹ̀ láti yan aṣojú kan fún àwọn Anglo-Indian, ìyẹn àwọn tí ìran bàbá wọn tan mọ́ àwọn òyìnbó Yúróòpù. Àtúnṣe 104 sí ìwé òfin ló fòpin sí i: láti 25 January 2020, kò sí yíyàn tuntun mọ́. Nítorí náà, tábìlì ilé tó wọlé ní 2018 gbọ́dọ̀ jẹ́ 225, ti 2023 gbọ́dọ̀ jẹ́ 224. Mo ti rí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń "tún" ti 2018 ṣe sí 224 kó lè bá tuntun mu. Bíbà jẹ́ nìyẹn.

Tí ẹ bá tún ń padà sẹ́yìn, ẹ rántí pé Mysore ni ìpínlẹ̀ náà ń jẹ́ títí di 1 November 1973. Àyè 208 ni ilé aṣojú ní ní 1957, ó di 216 ní 1967, ó sì di 224 nínú ìbò 1978. Ẹ má kọ Karnataka sórí tábìlì 1962.

Bọ́sẹ̀ Olóòfin
Ọ̀rọ̀ olórí ló máa ń dà wá láàmú jù, torí pé ti Nàìjíríà là ń fi wò ó. Gómìnà tibẹ̀ kì í ṣe irú gómìnà tiwa. Ará ìlú kò dìbò fún un. Ààrẹ Íńdíà ló ń yàn án. Thawar Chand Gehlot ni wọ́n yàn sí Karnataka ní July 2021. Ó ń pe ilé jọ, ó ń ka ọ̀rọ̀ ìṣípàdé, ó ń buwọ́ lu òfin, àmọ́ kì í ṣe ọmọ ilé, kò sì sí ìbò lọ́wọ́ rẹ̀.

Chief Minister ni ìjọba wà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ilé ló ti ń jáde, inú ilé náà ló ń jókòó sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí èyí tó pọ̀ jù nínú ọmọ ilé aṣojú bá kẹ̀yìn sí i, ìjọba rẹ̀ tú nìyẹn, kò sí pé ó ń retí kí sáà rẹ̀ pé. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ àwọn mínísítà. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ ilé aṣòfin Ọ̀yọ́ tí gómìnà bá fi ṣe kọmíṣánnà gbọ́dọ̀ fi àyè rẹ̀ nílé aṣòfin sílẹ̀. Ní Karnataka, ẹni tí kò bá sí nínú ọ̀kan nínú ilé méjèèjì ni kò lè pẹ́ nípò mínísítà. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún un kó fi wá àyè wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó lọ ilé rẹ̀.

Ìyẹn ni pé orúkọ kan náà lè jáde lẹ́ẹ̀mejì lórí tábìlì yín, lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ ọmọ ilé, lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ ìjọba. Kò burú. Ohun tó burú ni kí ẹ kà á sí ènìyàn méjì.

Ẹ tún fi iye mínísítà sọ́kàn. Láti ìgbà àtúnṣe 91 ní 2003, mínísítà àti Chief Minister pa pọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún iye ọmọ ilé aṣojú lọ. 15 nínú ọgọ́rùn-ún 224 jẹ́ 33.6, àwọn ará Karnataka sì ń kà á sí 34. Tí tábìlì yín bá ní mínísítà 36, ẹ ti da àwọn tó ti kúrò pọ̀ mọ́ àwọn tó wà níbẹ̀.

Akọ̀wé Gbọ̀ngán
Òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n to àwọn olórí bí wọ́n ṣe gba ipò lẹ́yìn ìbò 10 May 2023, kí ẹ lè rí bí ọjọ́ wọn ṣe jìnnà síra.

Wọ́n ka ìbò ní 13 May. Siddaramaiah, tó wọlé láti Varuna, búra gẹ́gẹ́ bíi Chief Minister ní 20 May, D. K. Shivakumar láti Kanakapura búra pẹ̀lú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igbákejì. Ipò igbákejì yẹn kò sí nínú ìwé òfin o. Lójú òfin, mínísítà ni. U. T. Khader láti Mangalore di Abẹnugan ní 24 May láìsí ẹni tó bá a du ipò náà. Rudrappa Lamani láti Haveri di igbákejì Abẹnugan ní July. Olórí àwọn alátakò kò tètè yọjú: oṣù November ni BJP, ẹgbẹ́ alátakò tó tóbi jù, tó mú R. Ashoka láti Padmanabhanagar. Ìjókòó ìsúná ti July 2023 kọjá láìsí ẹni tó wà ní ipò yẹn, nítorí náà ẹ má fà á sẹ́yìn kó bá May mu torí kí tábìlì lè dára lójú.

Ẹ kọ ọjọ́ síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tí kò ní ọjọ́ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni tó bá kà á lọ́dún tó ń bọ̀.

Àkàndé Atọ́ka
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ta ló wá wà ní àga Abẹnugan láàárín ọjọ́ tí ilé àtijọ́ túká àti 24 May? Tábìlì kan fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo, òmíràn kọ R. V. Deshpande.

Bọ́sẹ̀ Olóòfin
Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ tábìlì ti ń ṣì. Abala 179 ìwé òfin Íńdíà sọ pé bí ilé bá túká, Abẹnugan kò kúrò nípò títí yóò fi ku díẹ̀ kí ilé tuntun jókòó fún ìgbà àkọ́kọ́. Vishweshwar Hegde Kageri ni Abẹnugan ilé àtijọ́. Ó díje ní Sirsi ní 2023, ó fìdí rẹmi, síbẹ̀ ipò náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dìgbà tí ilé tuntun fẹ́ jókòó. Ẹni tó bá kọ 13 May sílẹ̀ fún un ti gé ọjọ́ rẹ̀ kúrú.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Deshpande wọlé, gẹ́gẹ́ bí Abẹnugan onígbà díẹ̀. Gómìnà ló ń yàn án. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó búra fún àwọn ọmọ ilé, kó sì darí yíyan Abẹnugan gangan. Ó jẹ́ àṣà pé ẹni tó ti pẹ́ jù nílé ni wọ́n ń fún, àmọ́ àṣà ni, kì í ṣe òfin. Ní May 2018, nígbà tí gómìnà yan K. G. Bopaiah, Congress gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pé àwọn tó ṣàgbà rẹ̀ wà níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ kò yọ ọ́, àmọ́ wọ́n ní kí wọ́n fi ìjókòó náà hàn lórí tẹlifíṣọ̀n bó ṣe ń lọ.

Nítorí náà, ìlà mẹ́ta ni ẹ ó kọ: Kageri, Deshpande, Khader. Deshpande kò sí lára àwọn tí a ń kà ní "Abẹnugan ìkẹyìn" tàbí "Abẹnugan àkọ́kọ́". Ẹ fi àmì sí i.

Ìbúra náà kì í ṣe ayẹyẹ lásán o. Ẹni tó bá jókòó tàbí tó dìbò nínú ilé kó tó búra yóò san rúpì 500 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Abala 193 ló sọ bẹ́ẹ̀.

Tanpẹ́pẹ́
Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí tábìlì fúnra rẹ̀, kí ẹ má bàa fi orúkọ ènìyàn ṣe kókó ìlà, ìyẹn ohun tí a fi ń dá ìlà kọ̀ọ̀kan mọ̀. Orúkọ ń yí, ìkọsílẹ̀ rẹ̀ ń yí, àwọn méjì sì lè jẹ́ orúkọ kan náà. Nọ́ńbà ẹkùn ìdìbò ni kí ẹ fi ṣe kókó. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún ààlà fà ní 2008, nọ́ńbà 1 ni Nippani ní òkè ọ̀nà àríwá, nọ́ńbà 224 ni Gundlupet ní ìsàlẹ̀ gúúsù. Varuna jẹ́ 219. Ìbò mẹ́rìndínlógún ìbáà wáyé níbì kan, nọ́ńbà rẹ̀ kò yí títí wọn yóò fi tún ààlà fà.

Òpó tí mo máa ń dámọ̀ràn: nọ́ńbà ẹkùn, orúkọ ẹkùn, irú ẹkùn, orúkọ ọmọ ilé, ẹgbẹ́ lọ́jọ́ tó wọlé, ẹgbẹ́ lónìí, ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó kúrò, ìdí tó fi kúrò. Òpó ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì. Ẹni tó bá ṣe é ní ọ̀kan ni yóò máa bá 135 àti 137 jà.

Irú ẹkùn ni pé 36 nínú 224 jẹ́ ti àwọn tí ìwé ìjọba ń pè ní SC, àwọn ìran tí ètò ìpín ẹ̀yà ilẹ̀ náà ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ìran dé ìran. 15 jẹ́ ti ST, àwọn ẹ̀yà onílẹ̀. Gbogbo ará ẹkùn náà ló ń dìbò, ẹni tí yóò díje nìkan ni òfin yà sọ́tọ̀. Òfin tó ní kí ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ ti obìnrin wọlé ní September 2023, lẹ́yìn ìbò May, ó sì so ó mọ́ ìkànìyàn àti títún ààlà fà, nítorí náà kò sí ẹkùn kankan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún obìnrin nínú ìbò 2023. Ẹ má fi kún un.

Ìkọsílẹ̀ orúkọ ìlú tún wà níbẹ̀. Láti November 2014, Bangalore ti di Bengaluru, Belgaum di Belagavi, Gulbarga di Kalaburagi. Síbẹ̀ orúkọ ẹkùn nínú ìwé ìbò ṣì jẹ́ Belgaum Uttar, Gulbarga Dakshin. Bó ṣe wà nínú ìwé ìbò ni kí ẹ kọ ẹkùn. Bó ṣe ń jẹ́ nísinsìnyí ni kí ẹ kọ ìlú.

Mama Kọ́nda
Ẹ kú iṣẹ́, Tanpẹ́pẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ orúkọ ènìyàn kún un, torí ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń da nǹkan rú. Lẹ́tà tó ṣáájú orúkọ níbẹ̀ kì í ṣe orúkọ àbísọ. Orúkọ ìlú tàbí ìdílé àti orúkọ bàbá ló sábà máa ń jẹ́. H. D. Kumaraswamy: H jẹ́ Haradanahalli, abúlé wọn, D jẹ́ Devegowda, bàbá rẹ̀. S. M. Krishna náà bẹ́ẹ̀: Somanahalli, Mallaiah. Kumaraswamy gan-an lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Nítorí náà, ẹ má pín in sí "orúkọ" àti "orúkọ ìdílé" bíi fọ́ọ̀mù báǹkì. Òpó kan ṣoṣo ni kó wà. Siddaramaiah kò tiẹ̀ ní lẹ́tà kankan níwájú, ẹ̀rọ tó bá ń wá orúkọ ìdílé yóò kọ̀ ọ́.

Ẹ ṣọ́ fún àlàfo ẹ̀yìn àmì ìdánudúró náà: "U.T. Khader" àti "U. T. Khader" jẹ́ ènìyàn méjì lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ lò ó dé òpin.

Akọ̀wé Gbọ̀ngán
Ó kan 135 àti 137 wàyí. Ní May 2023: Congress 135, BJP 66, Janata Dal Secular 19, adádúró (àwọn tí kò sí lábẹ́ ẹgbẹ́ kankan) 2, Kalyana Rajya Pragathi Paksha 1, Sarvodaya Karnataka Paksha 1. Ẹ rò ó, ó jẹ́ 224.

Lẹ́yìn náà, ọmọ ilé Surapura kú. Ìbò láti fi dí àyè rẹ̀ wáyé ní May 2024, Congress tún mú un, kò yí iye padà. Ní June 2024, àwọn mẹ́ta wọlé sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Delhi: Kumaraswamy tó ń ṣojú Channapatna, Basavaraj Bommai tó ń ṣojú Shiggaon, àti E. Tukaram tó ń ṣojú Sandur. Ènìyàn kan kò lè wà nílé méjì. Ẹni tó bá wọlé sí Delhi tí kò sì fi ti ìpínlẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 14, ti Delhi gan-an ni yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi sílẹ̀. Ìbò wáyé ní ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 13 November 2024, Congress kó gbogbo rẹ̀. Sandur ti jẹ́ tiwọn tẹ́lẹ̀. Channapatna ni wọ́n gbà lọ́wọ́ Janata Dal Secular, Shiggaon ni wọ́n gbà lọ́wọ́ BJP. Ibẹ̀ ni 137 ti wá.

BJP ìbá di 65, ṣùgbọ́n ọmọ ilé Gangavathi, ẹnì kan ṣoṣo tí Kalyana Rajya Pragathi Paksha ní, ti da ẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ BJP láti March 2024, ìyẹn ló fi dúró sí 66. Ẹ̀yin tó bá rí 66 ní 2023 àti 66 ní ìparí 2024 tí ẹ wá rò pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ẹ rí i pé òpó ẹgbẹ́ méjì yẹn kì í ṣe àṣejù.

Òfin fún àjọ elétò ìdìbò ní oṣù mẹ́fà láti dí àyè tó bá ṣófo, àfi tí ó bá ku ohun tí kò tó ọdún kan kí sáà ilé parí. Àkókò yẹn ni kí ẹ kọ "òfìfo" sí ìlà náà. Ẹ má pa ìlà rẹ́.

Lọ́yà Àbúrò
Ẹ dákun, kí ẹnì kan má ka ti Gangavathi yẹn sí pé ọmọ ilé lè fò láti ẹgbẹ́ kan sí òmíràn bó ṣe wù ú. Àfikún kẹwàá sí ìwé òfin, tó wọlé ní 1985, ló de ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó bá fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tàbí tó dìbò lòdì sí àṣẹ ẹgbẹ́ láìgbàyè, lè pàdánù àyè rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn bá yapa, òfin gbà á. Ìyẹn ti lọ láti 2003. Ohun tó kù ni ìdàpọ̀: ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ilé tó wà lábẹ́ ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Níbi tí ẹgbẹ́ bá ti ní ẹnì kan ṣoṣo nílé, òun nìkan ti ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ! (Nàìjíríà ṣì fi àwáwí "ìpínyà wà nínú ẹgbẹ́" sílẹ̀ nínú òfin tirẹ̀, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.)

Adádúró tó bá wọ ẹgbẹ́ lẹ́yìn ìbò pàdánù àyè rẹ̀. Ẹni tí gómìnà yàn sílé ní oṣù mẹ́fà láti wọ ẹgbẹ́ tó bá wù ú, lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn ti tì.

Èyí tí ẹgbẹ́ bá lé jáde ńkọ́? BJP lé mẹ́ta jáde ní 2025: ti Bijapur City, ti Yeshwanthapura àti ti Yellapura. Àwọn ìwé ìròyìn kan ń pè wọ́n ní adádúró. Lójú òfin, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ọ́ ní 1996, nínú ẹjọ́ G. Vishwanathan tó wá láti Tamil Nadu, pé ẹni tí ẹgbẹ́ lé jáde ṣì jẹ́ ti ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé ní ti Àfikún kẹwàá; tó bá wọ ẹgbẹ́ mìíràn, ó ti fi tàtijọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Nínú tábìlì, ẹ kọ BJP, kí ẹ fi "wọ́n lé e jáde" àti oṣù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.

Abẹnugan ló ń dá ẹjọ́ yìí. Ẹ wo 2019 kí ẹ rí bó ṣe rí. Congress àti Janata Dal Secular ló jọ ń ṣèjọba, Kumaraswamy ni Chief Minister. Àwọn ọmọ ilé tó lé ní mẹ́wàá kọ̀wé pé àwọn fi àyè àwọn sílẹ̀, wọ́n sì lọ jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Mumbai. Abẹnugan K. R. Ramesh Kumar kò tètè gba ìwé náà. Tó bá gbà á, wọ́n á lọ láìní ẹ̀bi. Tí kò bá gbà á, ó lè fi Àfikún kẹwàá mú wọn. Ní 23 July, ìbò ìgbọ́kànlé, tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ilé ṣì fẹ́ ìjọba náà, wáyé: 99 fún ìjọba, 105 lòdì sí i. Ìjọba tú. Lẹ́yìn náà Abẹnugan yọ ènìyàn 17, ó sì ní wọn kò gbọ́dọ̀ díje mọ́ títí sáà náà yóò fi parí. Ní November, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí yíyọ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n fagi lé ìdènà náà: Abẹnugan lè yọ ènìyàn, kò lè fi ọdún kún ìyà rẹ̀. Ìbò wáyé ní ẹkùn 15 ní 5 December, BJP mú 12. Méjì tó kù, Rajarajeshwari Nagar àti Maski, ní ẹjọ́ nílẹ̀. 2020 àti 2021 ni wọ́n tó dìbò níbẹ̀.

Fún ilé 2018, nítorí náà, ìdí tí ẹ ó kọ fún àwọn 17 yẹn ni "Abẹnugan yọ ọ́", kì í ṣe "ó fi àyè sílẹ̀". Ó ti di nǹkan tí ọ̀pọ̀ ojú ìwé ń ṣì.

Bọ́sẹ̀ Olóòfin
Ẹ wo ìṣirò rẹ̀ lẹ́yìn tí Abẹnugan yọ wọ́n o. Ilé jẹ́ 225. Bí ẹ bá yọ 17, ó ku 208. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 104, 105 ló borí. Iye tí BJP ní gan-an nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí "113 ló borí" kì í fi í ṣe òótọ́ nígbà gbogbo. 113 jẹ́ fún 224 tó kún. Ìbò ìgbọ́kànlé, iye àwọn tó wà níbẹ̀ tó sì dìbò ni wọ́n ń wò. Àmọ́ láti yọ Abẹnugan, gbogbo ọmọ ilé tó wà nípò lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń kà, yálà wọ́n wá tàbí wọn kò wá, a sì gbọ́dọ̀ ti fún un ní ìwé ìkìlọ̀ ọjọ́ 14. Abẹnugan tàbí ẹni tó bá jókòó sí àga rẹ̀ kì í dìbò àfi tí ìbò bá dọ́gba. Iye tó gbọ́dọ̀ wà nínú ilé kí ìjókòó tó lè máa lọ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá, èyí tí ó jẹ́ 23 fún 224.

Àkàndé Atọ́ka
Ó yé mi dáadáa. Ilé àgbà ńkọ́? 75 yẹn, ta ló ń yàn wọ́n?

Akọ̀wé Gbọ̀ngán
Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Àwọn ọmọ ilé aṣojú dìbò yan 25. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yan 25. Àwọn tó ti gboyè ní yunifásítì láti ọdún mẹ́ta ó kéré tán yan 7. Àwọn olùkọ́ ilé ìwé gíramà sókè, tí wọ́n ti ṣe é fún ọdún mẹ́ta, yan 7. Gómìnà yan 11 nínú àwọn tó mọ̀ nípa lítíréṣọ̀, sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ọnà, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ìlú. Ìmọ̀ràn Chief Minister sì ni gómìnà ń tẹ̀ lé nínú yíyàn yìí. Ọdún mẹ́fà ni sáà ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́ta ń jáde ní ọdún méjì méjì. Ilé náà kì í túká. Nítorí náà kò sí "ilé àgbà ti 2023"; ẹ máa kọ ọjọ́ ìparí sáà síwájú orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ọdún 30 ni ènìyàn gbọ́dọ̀ pé kó tó dé ibẹ̀. Ilé aṣojú, ọdún 25.

Ohun tí ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé alága ilé àgbà kì í bá ìjọba lọ. Basavaraj Horatti, tó ti wà níbẹ̀ láti 1980 láti ẹkùn àwọn olùkọ́, tún di alága ní December 2022 nígbà tí BJP ń ṣèjọba. Congress gbàjọba ní May 2023, alága BJP ṣì wà lórí àga. Ẹ má rò pé àṣìṣe ni, kí ẹ wá lọ yí i padà.

Agbára ilé náà kò pọ̀. Lórí òfin owó, ọjọ́ 14 péré ni wọ́n lè fi dá a dúró. Lórí òfin mìíràn, oṣù mẹ́ta, tí ilé aṣojú bá tún gbé e wá, oṣù kan sí i, ó parí. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà péré ló ní ilé àgbà ní gbogbo Íńdíà: Andhra Pradesh, Bihar, Karnataka, Maharashtra, Telangana àti Uttar Pradesh.

Mama Kọ́nda
Nínú àwọn tí gómìnà yàn, ẹ má gbójú fo Shantaram Siddi, July 2020. Òun ni ọmọ Siddi àkọ́kọ́ tó wọ ilé aṣòfin Karnataka. Ìran Áfíríkà ni àwọn Siddi, àwọn tó pọ̀ jù nínú baba ńlá wọn wá láti apá ìlà-oòrùn. Kí ẹnì kankan má fi Yorùbá kún un lórí tábìlì, mo ti mọ̀ wá!

Tanpẹ́pẹ́
Ẹ ṣeun, Mama. Nǹkan méjì ló kù. Àkọ́kọ́: ẹni tí ilé bá ní kó lọ rọ́kún nílé kò pàdánù àyè rẹ̀. Ní March 2025, Abẹnugan Khader dá ọmọ ilé BJP 18 dúró fún oṣù mẹ́fà; ó di May, wọ́n ti gbé e kúrò. Àwọn kan ti lọ kọ òfìfo sí ìlà 18. Ọmọ ilé ni wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn kàn kò lè wọlé jókòó ni.

Ìkejì: ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi tó sì gba ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pàdánù àyè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láti ìgbà ìdájọ́ Lily Thomas ní 2013. Ṣùgbọ́n bí ilé ẹjọ́ tó ga ju ìyẹn lọ bá dá ìdájọ́ náà dúró, àyè lè padà. Gangavathi náà ni ẹ ó tún wò: wọ́n kéde rẹ̀ ní òfìfo ní May 2025, ilé ẹjọ́ gíga Telangana dá ọ̀rọ̀ náà dúró ní June, ọmọ ilé náà sì padà sí àyè rẹ̀. Ẹ má ṣí ìlà tuntun fún un bíi pé ó wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Ìlà kan náà ni, àlàyé ni kí ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́.

Àkàndé Atọ́ka
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìbéèrè kan péré: ibi tí wọ́n ti ń jókòó, ìwé kan ní Bengaluru, òmíràn ní Belagavi.

Akọ̀wé Gbọ̀ngán
Méjèèjì ni. Vidhana Soudha ní Bengaluru, tí Kengal Hanumanthaiah darí kíkọ́ rẹ̀, tó sì parí ní 1956, ni ibùjókòó gangan. Suvarna Vidhana Soudha ní Belagavi ṣí ní 2012, ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lọ fún ìjókòó ìgbà òtútù. Ààlà Maharashtra ni Belagavi wà, Maharashtra sì ń sọ pé tàwọn ni. Ìjókòó tí Karnataka ń ṣe níbẹ̀ jẹ́ ọ̀nà láti sọ pé ilẹ̀ àwọn ni. Nínú tábìlì, ẹ kọ Bengaluru sí òkè, kí ẹ kọ Belagavi síwájú ìjókòó tó bá wáyé níbẹ̀ nìkan.